Sol-fa, staff tàbí nọ́ńbà: èwo ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ orin kọ́kọ́ kọ́?

Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ orin kíkà nílẹ̀ Yorùbá lónìí yóò bá ọ̀nà mẹ́ta pàdé, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni jókòó tì í láti ṣàlàyé ìyàtọ̀ wọn. Nínú kwáyà, ìwé tí lẹ́tà d, r, m kún inú rẹ̀ ni wọ́n á fún un, ìyẹn sol-fa. Bó bá lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ píánò, ìwé onílà márùn-ún ni wọ́n á gbé síwájú rẹ̀, ìyẹn staff. Bó bá sì jókòó ti àwọn ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì, á gbọ́ tí wọ́n ń sọ "one! four! lọ sí six!" síra wọn láàárín orin. Ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn yàtọ̀. Sol-fa ń sọ bí ohùn kan ṣe jìnnà sí ilé rẹ̀, ìyẹn do. Staff ń sọ ibi tí ohùn náà wà gan-an àti bó ṣe máa pẹ́ tó. Nọ́ńbà ń sọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí a tẹ̀ pa pọ̀, tó yẹ kó wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé èwo nínú ìbéèrè mẹ́ta yìí ni iṣẹ́ yín ń bi yín lójoojúmọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó náwó sórí ìwé tàbí olùkọ́.

Orin kan náà, ọ̀nà mẹ́ta

Ẹ jẹ́ ká mú orin ìràwọ̀ kékeré tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi máa ń kọ. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ kò ju ohùn méje lọ. Bó ṣe máa rí lọ́nà kọ̀ọ̀kan rèé (kíì ni ohùn tí orin náà fi ṣe ilé):

Sol-fa: | d : d | s : s | l : l | s : – |

Nọ́ńbà kọ́ọ̀dù: | 1 | 1 | 4 | 1 |

Staff ní kíì C: C C G G A A G, crotchet mẹ́fà (oníbíìtì kan) àti minim kan (oníbíìtì méjì)

Staff ní kíì G: G G D D E E D, pẹ̀lú ṣáàpù kan (♯, àmì tó ń gbé ohùn sókè díẹ̀) níbẹ̀rẹ̀ ìlà

Nígbà tí orin yìí kúrò ní kíì C bọ́ sí kíì G, gbogbo lẹ́tà staff ló yí padà, àmọ́ sol-fa àti nọ́ńbà dúró síbi tí wọ́n wà. Akọrin tó ń ka sol-fa kò ní ìdí láti ṣe wàhálà: do ti ga sí i, ó tán. Ẹni tó jókòó sídìí píánò ò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀, nítorí ibi tí C wà lórí píánò kọ́ ni G wà, ìka rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tó fẹ́ tẹ̀. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tí àwọn olùkọ́ ń ṣe lórí èyí tó dára jù, ibí yìí ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ ohùn ń sọ̀rọ̀ nípa etí, olùkọ́ píánò ń sọ̀rọ̀ nípa ìka.

Sol-fa: ti ẹni tí ohùn rẹ̀ ni ohun èlò rẹ̀

Sarah Glover, olùkọ́bìnrin kan ní Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣètò ọ̀nà yìí, ìwé rẹ̀ sì jáde ní 1835. Àwọn orúkọ ohùn tó lò ti pẹ́ láyé kó tó dé: Guido, mọ́ńkì tí wọ́n mọ̀ mọ́ ìlú Arezzo ní Ítálì, ti ń fi irú wọn kọ́ àwọn akọrin ní ọ̀rúndún kọkànlá. Glover yí si, orúkọ ohùn keje, padà sí te kí ohùn méjì má bàa máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà s. Nípa bẹ́ẹ̀, lẹ́tà kan ṣoṣo tó láti kọ ohùn kan. Ní 1841, níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ìlú Hull, wọ́n ní kí àlùfáà kan tó ń jẹ́ John Curwen wá ọ̀nà tó rọrùn láti kọ́ àwọn ọmọdé lórin. Ọ̀nà Glover ni Curwen mú, ó tún un ṣe, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ káàkiri.

Àwọn tí kò lówó píánò ni wọ́n ṣe é fún, èyí sì hàn nínú gbogbo bó ṣe rí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lásán lè tẹ̀ ẹ́, kò nílò irin ìtẹ̀wé orin tó wọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn míṣọ́nnárì fi gbé e dé Áfíríkà, tó sì fi jẹ́ pé kwáyà láti Abẹ́òkúta dé Adó-Èkìtì lè kọ áńtẹ́ẹ̀mù olóhùn mẹ́rin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ti fọwọ́ kan píánò rí. Kì í sì í ṣe kíkà nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe. Ní Gúúsù Áfíríkà, Enoch Sontonga, olùkọ́ tó ṣe orin tó wá di apá kan orin orílẹ̀-èdè wọn, sol-fa ló fi kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1897.

Òfin rẹ̀ ò pọ̀. Lẹ́tà méje ni: d r m f s l t (do, re, mi, fa, so, la, te). Àmì kékeré lápá òkè lẹ́tà ń sọ pé ohùn náà wà ní ìpele tó wà lókè, àmì kékeré lápá ìsàlẹ̀ ń sọ pé ó wà ní ìpele tó wà nísàlẹ̀. Ìlà tó dúró gbọnrangandan ló ya báà kan kúrò lára èkejì. Àmì olójú méjì lórí ara wọn (:) ya bíìtì sí bíìtì. Ojú kan ṣoṣo (.) pín bíìtì sí méjì, kọmá pín in sí mẹ́rin, dáàṣì sì ń sọ pé kí ẹ má jẹ́ kí ohùn tó wà lẹ́nu yín já. Lókè ojú ìwé, wọ́n á kọ "Doh is G", ẹni tó ń darí á fún yín ní G, ẹ ó sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ ni ohun tó ń ṣe fún etí. Ẹni tó bá ti mọ bí d sí s ṣe ń dún ti mọ̀ ọ́n ní kíì méjèèjìlá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó bá ń ka l sí s á ti gbọ́ ọ nínú orí kó tó la ẹnu. Mo ti rí àwọn tó ń tẹ píánò dáadáa tí wọn ò lè kọ ohun tó wà lójú ìwé láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ìyá tó wà nínú áltò, tó ń ta ata lọ́jà, ti ń kọ ọ́ lọ. Àǹfààní kan tún wà tí Curwen ò lè rò tẹ́lẹ̀: sol-fa ṣe é tẹ̀ sórí fóònù. Ẹni tó ń darí kwáyà lè fi ìlà tẹ́nọ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹ wá jẹ́ kí n yà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ló kọ́ àmì ohùn èdè Yorùbá nílé ìwé pẹ̀lú dò, re, mí, ìyẹn sì mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé òun ti mọ sol-fa. Ó ràn án lọ́wọ́ lóòótọ́, nítorí etí rẹ̀ ti mọ̀ pé ohùn ń gòkè, ń sọ̀kalẹ̀, ó sì mọ̀ pé ìtumọ̀ wà nínú ìyẹn. Ṣùgbọ́n dò àti mí inú ọ̀rọ̀ kò ní ìwọ̀n. Ẹni kan lè sọ "ọkọ́" kí àlàfo inú rẹ̀ fẹ̀, ẹlòmíràn á sọ ọ́ kó ṣe pẹrẹsẹ, ọkọ́ kan náà ni. Nínú gbólóhùn gígùn, ohùn òkè tó wà ní ìparí lè má ga tó èyí tó wà níbẹ̀rẹ̀. Nínú orin, d sí m jẹ́ ààbọ̀ ìgbésẹ̀ (semitone) mẹ́rin géérégé, bó bá dín, ó ti di nǹkan mìíràn. Nítorí náà, ẹ má ṣe kọ́ m orin láti inú mí ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń ṣe orin tuntun ní Yorùbá ló yẹ kó mú méjèèjì pọ̀: kó kọ dò, re, mí ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lókè, kó kọ sol-fa orin sí abẹ́ rẹ̀, kó wò ó bóyá ibi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè ni orin náà ti gòkè. Ekundayo Phillips, tó jẹ́ olórí orin àti atẹdùùrù ní Cathedral Church of Christ ní Marina, Èkó, láti 1914 dé 1962, fi ọ̀pọ̀ ọdún ja ìjà yìí, nítorí orin ìsìn tí wọ́n kàn gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé lórí ohùn òyìnbó máa ń sọ ọ̀rọ̀ di ohun tí kò sí nínú ìwé.

Ibi tí sol-fa ti ń tini ni ibi tí orin bá ti kúrò ní kíì rẹ̀. Wọ́n ní fe fún f tí a gbé sókè, se fún s tí a gbé sókè, ta fún t tí a rẹ̀ sílẹ̀, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n bí orin bá yí kíì pátápátá, lẹ́tà méjì á fara pọ̀ síbì kan, kékeré kan lókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ńlá kan, tó túmọ̀ sí pé: ẹ kọ ọ́ bí s ti kíì àtijọ́, àmọ́ ẹ máa pè é ní d ti kíì tuntun. Akọrin tí wọn ò ṣàlàyé èyí fún á dákẹ́ síbẹ̀, á máa wo ẹnu ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lẹ́tà kì í fi ìrìn orin han ojú. Lórí ìlà márùn-ún, ẹ máa rí i pé orin ń gun òkè kí ẹ tó kà á, ṣùgbọ́n r, l àti t jókòó ní ìlà kan náà bí ẹni pé ọgbọọgba ni gbogbo wọn. Fún ohun èlò, kò tilẹ̀ yẹ ká máa jiyàn: ẹni tó ń fọn trumpet tó sì ń ka sol-fa gbọ́dọ̀ máa ṣírò ní gbogbo bíìtì.

Do kan kì í ṣe do kejì

Ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, àwọn tó wà ní Kétu, Pọ̀tónóvò tàbí Lomé ló kàn jù, àti àwọn ará wa ní Bàhíà àti Havana. Ọ̀nà Curwen tí wọ́n ń lò ní Nàìjíríà, do ibẹ̀ ń rìn: do lè jẹ́ C, ó lè jẹ́ G, ó lè jẹ́ E fíláàtì (♭, ìyẹn E tí a rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀). Nínú ẹ̀kọ́ orin àwọn Faransé, tí Benin àti Togo jogún, do kì í rìn. Do ni ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní C, títí ayé. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Brazil àti Cuba náà. Lọ́dọ̀ wọn, do, ré, mi jẹ́ orúkọ ibi tí ohùn wà, iṣẹ́ kan náà tí A, B, C ń ṣe lọ́wọ́ àwa. Nítorí náà, bí akọrin láti Èkó bá sọ fún onígìtá ará Pọ̀tónóvò pé orin òun bẹ̀rẹ̀ lórí sol, tí kíì rẹ̀ sì jẹ́ D, ọ̀kan á kọ A, èkejì á tẹ G, wọ́n á sì máa wo ara wọn.

Kò sí èyí tó ṣẹ̀ nínú méjèèjì. Àmọ́ bí ẹ bá ń kọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí olùkọ́ náà ń lò. Bó bá sọ pé "do dièse", ti Faransé ni.

Staff: ó wọ́n, ṣùgbọ́n ó dé ibi gbogbo

Ìlà márùn-ún, àlàfo mẹ́rin. Clef ni àmì ńlá tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà. Clef G yí ìlà kejì láti ìsàlẹ̀ ká, ó ní G nìyí. Clef F ní ìlà kẹrin láti ìsàlẹ̀ ni F. C àárín píánò wà lórí ìlà kúkúrú kan láàárín àwọn méjèèjì, ibẹ̀ ni tẹ́nọ̀ àti áltò ti ń pàdé. Gbogbo ohun tó kù nípa gíga ohùn, kíkà ni: ìlà, àlàfo, ìlà, àlàfo.

Ohun tó ń mú kí àwọn ènìyàn sá ni ṣáàpù àti fíláàtì ìbẹ̀rẹ̀ ìlà. Ó lè tó méje. Ẹ̀yin tó ti mọ sol-fa, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, màá padà sórí rẹ̀ ní ìparí.

Ní ti bí ohùn ṣe ń pẹ́ tó, staff ló borí àwọn yòókù pátápátá. Semibreve kan jẹ́ minim méjì, minim kan jẹ́ crotchet méjì, crotchet kan jẹ́ quaver méjì, quaver kan jẹ́ semiquaver méjì. Àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan yàtọ̀, ojú ló ń kà á. Orúkọ tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe nǹkan kan náà ní whole note, half, quarter, eighth, sixteenth. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ìwé Lọ́ńdọ̀nù tó tún ń wo fídíò Amẹ́ríkà lè fi oṣù kan rò pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni crotchet àti quarter note.

Ẹ fi wé sol-fa níbi kónkóló, ìlù agogo tí orin wa ń jókòó lé. Ó pín àkókò sí ọ̀nà méjìlá, ó sì ń lù ú nígbà méje: 2, 2, 1, 2, 2, 2, 1. Lórí staff, ní 12/8, crotchet dúró fún 2, quaver dúró fún 1, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rí lè lù ú láti ojú ìwé. Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú àti kọmá sol-fa kọ ọ́, níbi tí bíìtì kọ̀ọ̀kan ti ní láti pín sí mẹ́ta, ojú ìwé á dà bí ibi tí èèrà ti ń jó. Ẹ tún wo nọ́ńbà méje yẹn dáadáa. D sí r jẹ́ ààbọ̀ ìgbésẹ̀ méjì, r sí m méjì, m sí f ọ̀kan, f sí s méjì, s sí l méjì, l sí t méjì, t sí d òkè ọ̀kan. 2, 2, 1, 2, 2, 2, 1. Bí skéèlì méjọ̀ (major) ṣe ń gòkè nìyẹn. Ọ̀kan jẹ́ ti àkókò, èkejì jẹ́ ti gíga ohùn, àmọ́ ọmọ tó bá ti lè pa kónkóló láìsí àṣìṣe ti ní skéèlì méjọ̀ lọ́wọ́. Mo máa ń fi í kọ́ wọn, kì í sì í kúrò lórí wọn.

Ìdí mìíràn tí ẹ fi lè fẹ́ san owó staff ni pé òun ni àwọn tí kò mọ̀ yín rí máa fi ka iṣẹ́ yín. Fela Sowande parí African Suite rẹ̀ fún àwọn olókùn ní 1944, ẹgbẹ́ olórin ní ilẹ̀ tí kò dé rí lè gbé e síwájú lónìí kí wọ́n sì fi ohun èlò olókùn wọn ta á. Ìdánwò náà ń béèrè rẹ̀. Orin ní WAEC ń fẹ́ kí ẹ mọ staff. Àwọn ABRSM, àjọ ìdánwò orin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà láti 1889, kò ní jẹ́ kí ẹ ṣe ìdánwò ohun èlò Grade 6 sókè bí ẹ ò bá tíì yege Grade 5 theory tàbí ọ̀kan nínú ìdánwò méjì mìíràn tí wọ́n gbà dípò rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ lọ ka orin ní OAU, Ilé-Ifẹ̀, kó má tilẹ̀ ronú pé sol-fa nìkan máa gbé òun dé ibẹ̀.

Ohun kan wà tí staff náà ò lè gbé dáadáa: ohùn dùndún tó ń yọ̀ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè láìdúró síbì kan. Àwọn onímọ̀ bíi Akin Euba ti fi staff kọ ìlù dùndún sílẹ̀ fún ìwádìí, iṣẹ́ ńlá sì ni. Àmọ́ ọmọ Àyàn kì í fi ìwé kọ́ ìlù. Ẹnu ló fi ń kọ́ ọ, bí ẹ bá sì fẹ́ kọ́ gángan, ẹ gbàgbé ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mò ń sọ yìí, ẹ lọ bá onílù.

Nọ́ńbà: èdè àwọn tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù

Nashville ní Amẹ́ríkà ni ọ̀nà yìí ti gbilẹ̀. Neal Matthews, ọ̀kan nínú àwọn akọrin Jordanaires, ló kọ́kọ́ ń fi nọ́ńbà kọ kọ́ọ̀dù sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1950. Charlie McCoy àti àwọn olórin yòókù tó ń gba orin sílẹ̀ níbẹ̀ ló tàn án kálẹ̀. Ohun tó fà á kò le: olórin tó fẹ́ gba orin sílẹ̀ á dé, á ní ohùn òun ò dé E lónìí, kí wọ́n gbé e sí D. Bí lẹ́tà bá wà lójú ìwé, wọ́n á tún gbogbo rẹ̀ kọ. Bó bá jẹ́ nọ́ńbà, kò sóhun tó kàn wọ́n.

Ṣọ́ọ̀ṣì wa mọ ìṣòro yẹn ju Nashville lọ. Ẹni tó ń darí ìyìn á dá orin sílẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni, á gbé e sókè ní ẹsẹ kẹta, ẹni tó wà nídìí kíbọ́ọ̀dù á sì wá a kiri. Ẹni tó mọ nọ́ńbà á rí i kíá. Nínú kíì méjọ̀, 1, 4 àti 5 jẹ́ kọ́ọ̀dù méjọ̀. 2, 3 àti 6 jẹ́ máínọ̀ (minor). 7 jẹ́ diminished, wọn kì í sì í lò ó púpọ̀. Bí wọ́n bá ní 1, 6, 2, 5, ní kíì C ó jẹ́ C, A máínọ̀, D máínọ̀, G. Ní kíì F ó jẹ́ F, D máínọ̀, G máínọ̀, C. Ẹ kọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní in níbi gbogbo.

Ẹ má ṣe da 4 tó jẹ́ kọ́ọ̀dù pọ̀ mọ́ 4 tó jẹ́ ohùn o. Ní Ṣáínà, nọ́ńbà 1 sí 7 ni ọ̀pọ̀ kwáyà fi ń kọ ohùn orin, 4 lọ́dọ̀ wọn jẹ́ f lásán. Bí ọmọ Èkó tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bá ní 4, f, l àti d pa pọ̀ ló ń sọ.

Ohun tí nọ́ńbà ò lè ṣe pọ̀. Kò sọ ohùn tí sopuránò máa kọ, kò sọ ìka tó máa wà nísàlẹ̀ kọ́ọ̀dù, bó ṣe máa pẹ́ tó náà, àfi kí wọ́n ya báà sí i. Ó gbà pé ẹ ti gbọ́ orin náà tẹ́lẹ̀. Mo sì ní ẹjọ́ kan láti bá àwọn tó ń lò ó rò, ìyẹn bọ́tìnnì transpose. Ọ̀pọ̀ ló mọ 1, 4, 5 ní kíì kan ṣoṣo, tí wọ́n wá ń fi bọ́tìnnì gbé gbogbo orin wá sí ibẹ̀. Nọ́ńbà tó yẹ kó fún wọn ní kíì méjìlá ti wá di ohun tó há wọn mọ́ inú ọ̀kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá bá píánò onígi pàdé níbi ìgbéyàwó, kò ní bọ́tìnnì.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Bí ẹ bá ń kọrin ní kwáyà tí ẹ ò sì ní ohun èlò kankan lọ́kàn, ẹ kọ́ sol-fa, kí ẹ kọ́ ọ dáadáa, títí kan fe, se àti lẹ́tà méjì níbi ìyípadà kíì. Kí ẹ mọ̀ pé máínọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lórí l. Kò sí ohun tó ń lé yín dé ìdí staff, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú òpè wò yín nítorí ẹ̀.

Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá kọ́ píánò tàbí violin, staff ni, láti oṣù àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n kó máa fi ẹnu kọ sol-fa ohun tó ń tẹ̀. Olùkọ́ tó bá sì ń kọ d, r, m sí abẹ́ gbogbo nóòtì nínú ìwé ọmọ náà, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó yéé. Lẹ́tà nìkan lọmọ náà máa ka, ìlà márùn-ún á sì di ohun ọ̀ṣọ́.

Ẹni tó ti ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ní etí, nọ́ńbà ló yẹ kó fi tò ó. Kó pa bọ́tìnnì transpose tì, kó máa fi 1, 4, 5, 1 rin yíká kíì méjèèjìlá, kó wá fi 2 àti 6 kún un. Lẹ́yìn èyí ló tó kàn án láti kọ́ staff, bó bá fẹ́ tẹ orin ìwé fún kwáyà. Onígìtá náà, bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹni tó ń darí kwáyà nìkan ni mi ò ní gbà kó mú ọ̀kan. Ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ka staff, nítorí pé orin tí ó máa rà á máa dé lórí staff, kó sì lè yí i sí sol-fa fún àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹni tó ń ṣe orin tuntun náà, bó bá fẹ́ kí orin náà kúrò ní ìlú rẹ̀.

Bí a ṣe ń gba ọ̀kan dé èkejì

Mo ní màá padà sórí ṣáàpù àti fíláàtì. Ẹni tó bá mọ sol-fa lè ka orin staff tó wà ní kíì méjọ̀ bó bá ti lè rí ibi tí do wà, òfin méjì péré ló sì wà fún ìyẹn.

Bó bá jẹ́ ṣáàpù, èyí tó gbẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni t. Do wà ní ààbọ̀ ìgbésẹ̀ kan lókè rẹ̀. Ṣáàpù mẹ́ta, F, C, G: G ṣáàpù ni t, do ni A. Ṣáàpù kan, F: F ṣáàpù ni t, do ni G.

Bó bá jẹ́ fíláàtì, èyí tó gbẹ̀yìn ni f. Ẹ kà á wálẹ̀, f, m, r, d. Bí fíláàtì bá sì ju ọ̀kan lọ, ẹ má tilẹ̀ kà: èyí tó ṣáájú ti ìgbẹ̀yìn ni do. Fíláàtì méjì, B àti E: do ni B fíláàtì. Fíláàtì kan, B: B fíláàtì ni f, do ni F.

Bí kò bá sí ìkankan, do ni C. Bí orin náà bá jẹ́ máínọ̀, ibi kan náà ni do máa wà, àmọ́ l ni orin náà máa parí sí. Ẹ fi pẹ́ńsù fa igi sábẹ́ do àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ síí kọ ọ́.